Rosogolla Tí Ọ̀gá Jẹ Kó Tó Bèèrè

Bẹ́ ẹ bá dé ẹ̀ka wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn nílùú Rajshahi, níbi tá a ti ń fi maikirosikóòpù yẹ ẹran ara aláìsàn wò, kì í ṣe dókítà lẹ máa kọ́kọ́ rí. Morsheda akọ̀wé wa ni, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń jẹ ewé paan, tẹ́nu rẹ̀ pupa fòò. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń tẹ ìwé fún wa. Kò sí dókítà tí kò bẹ̀rù ẹnu rẹ̀, èmi Sabiha tí mo jẹ́ olùkọ́ kékeré níbẹ̀ náà sì ń bẹ̀rù rẹ̀ dòní.

Ẹni tó bá gba ìgbéga lọ́dọ̀ wa ló máa ra nǹkan dídùn fún gbogbo ẹ̀ka. Ọdún mọ́kànlá gbáko la fi jẹ rosogolla, wàrà rogodo inú omi ṣúgà, táwọn ọkùnrin ń rà. Dókítà Lutfun, tóun jẹ́ obìnrin, ló kọ́ mẹ́rin nínú wọn níṣẹ́, òun náà ni wọ́n sì máa ń bẹ̀ pé kó bá àwọn yan èyí tó dáa. Òun ń kọ́? Ojú kan náà ló wà. Kó tó lè di ọ̀jọ̀gbọ́n, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mokhlesur, ọ̀gá wa, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀, ohun tí ọ̀gá sì máa ń sọ ni pé, "Lutfun, ọkọ ẹ ṣáà ń ṣiṣẹ́. Jẹ́ kí bàbá ọlọ́mọ kan kọ́kọ́ gbà á. Tó bá di àmọ́dún." Àmọ́dún ọ̀hún ò dé rí! Inú ń bí mi, síbẹ̀ mò ń bá wọn jẹ rosogolla wọn.

Lọ́dún tó kọjá, ó ku ọdún kan kí Dókítà Lutfun fẹ̀yìn tì. Tí fọ́ọ̀mù ti ọdún yẹn bá fò ó, ó parí nìyẹn. Aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ọ́fíìsì àgbà máa gba fọ́ọ̀mù mọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Morsheda lọ bá a.

"Dókítà, fọ́ọ̀mù yín dà?"

"Morsheda, fi mí sílẹ̀ jàre. Ọ̀gá ò ní fọwọ́ sí i. Ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ ni?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀? Ẹ ṣáà kọ ọ́, kẹ́ ẹ gbé e fún mi. Ìyókù dọwọ́ mi."

Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, Morsheda ti to páálí rosogolla mẹ́ta sórí tábìlì. Ní Rajshahi, èèyàn kì í bèèrè ọ̀rọ̀ kó tó jẹ nǹkan dídùn. Ọ̀gá wọlé, ó mú kan, ó mú èkejì, ó lá ìka.

"Ó mà dùn o! Ta la ń kí kú oríire?"

"Dókítà Lutfun ni, sà," ni Morsheda dáhùn.

Làwa bá pàtẹ́wọ́. Lutfun fúnra rẹ̀ lanu sílẹ̀. Ẹ̀kẹta tí ọ̀gá sọ sẹ́nu fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun.

"Èèmọ̀! Ta ló gbé e ga? Ta ló fọwọ́ sí i?"

Morsheda tẹ́ fọ́ọ̀mù tí Lutfun ti kọ síwájú rẹ̀, ó fi bírò lé e. "Ẹ̀yin ni, sà. Àbí ẹ fẹ́ jẹ oúnjẹ oríire èèyàn, kẹ́ ẹ wá ní kí oríire náà di àmọ́dún? Bẹ́nu bá jẹ, ojú á tì o."

"Ọ̀gá, èmi ò lè pọ tèmi jáde mọ́ o!" ni dókítà kan pariwo látẹ̀yìn. Ẹ̀rín pa wá. Ọ̀gá wo ìka rẹ̀ tó ń lẹ̀, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

"Lutfun, o ò jẹ́ sọ pé ó ń dùn ẹ́ tó báyìí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo sọ ọ́, sà." Lọ́tẹ̀ yìí, ó dìde dúró kó tó sọ ọ́.

Ẹ̀rín kúrò lójú ọ̀gá. Ó fọwọ́ sí i. Kí aago kan tó lù, Morsheda ti gbé e dé ọ́fíìsì àgbà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́tà dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lutfun! Mi ò ní purọ́, mo sunkún. Ó gbé páálí rosogolla wá, àmọ́ Morsheda ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣí i.

"Ó tì o. A ti jẹ tiyín. Ti ẹlòmíì lèyí."

Ó gbé páálí náà kọjá iwájú gbogbo ọkùnrin inú yàrá, ó gbé e ka iwájú èmi tí mo ti wà lójú kan fún ọdún mẹ́fà. Fọ́ọ̀mù tẹ́nì kan ò tíì kọ nǹkan sí wà lórí rẹ̀.

"Ó yá, Sabiha, kọ ọ́ kíá," ó ní. "Ebi ń pa wá."