Ẹni Tó Ń Ṣe Àlùwàlá Nínú Ilé Títì

Ẹ lè pè mí ní òpùrọ́ tí mo bá parí, kò burú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́: èmi fúnra mi ni mo rí i, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ mi, kì í sì í ṣe ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń ta, mi ò sùn, mi ò mu nǹkan kan.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé mo kórìíra ìtàn iwin. Àwọn tó ń sọ ọ́ máa ń sú mi. Wọ́n á ní obìnrin kan wọ mọ́tò, wọ́n wẹ̀yìn, wọn ò rí i mọ́. Irọ́ àná ni wọ́n ń gbé kaná lójoojúmọ́, wọ́n á tún wá máa la ojú kalẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè é.

Iṣẹ́ mi, tí a bá lè pè é níṣẹ́, ni pé mo ń ya fọ́tò àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbé, àti àwọn nǹkan kéékèèké tó ṣẹ́ kù sínú wọn: bàtà ẹsẹ̀ kan, agolo mílíìkì tó ti dípẹtà, ìdérí ìkòkò. Kámẹ́rà kékeré onífíìmù ni mo fi ń yà wọ́n, èyí tó lè wọ àpò ṣòkòtò. Mo kàwé gboyè, mi ò ríṣẹ́, ìyẹn ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn ojúgbà mi ń pè mí ní Gírádúétì Pàǹtírí. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó máa ń dùn mí. Mo lè máa rò ó títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ò lè tán ní Èjìgbò. Àwọn èèyàn wa á lọ sí Àbíjàn, wọ́n á máa fowó ránṣẹ́, wọ́n á kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ga ju mọ́ṣáláṣí àdúgbò lọ, wọ́n á kùn ún, wọ́n á sì tì í pa. Eku ló ń jayé inú rẹ̀. Bí ẹ bá ní ọ̀kan, ẹ má bínú sí mi. Mo kàn máa ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ọ̀gbẹ́ni tó ra ẹṣin tí kò ní gùn láé ni.

Ìyá Sàkírá ló ránṣẹ́ pè mí. Ilé alámọ̀ ni wọ́n ń gbé, lójú ọ̀nà Masifa, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọkọ wọn sì wà lẹ́yìn ilé alámọ̀ náà gẹ́lẹ́, ó ń wo orí páànù wọn. Àlájì, ọkọ wọn, ti wà ní Àbíjàn láti ìgbà tí Sàkírá ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́ láti ìgbà kan. Bí wọ́n bá pe àwọn tí wọ́n jọ wà lọ́hùn-ún, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó rìnrìn àjò.

"Bá mi ya inú ilé yẹn," Màmá sọ, wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Yà á kó mọ́lẹ̀. Ohun tí kámẹ́rà bá rí, má yọ ọ́ kúrò o."

"Ẹ ò ní tẹ̀ lé mi wọlé, Màmá?"

"Mo ti wọ ibẹ̀ tó." Wọ́n wo ọwọ́ mi. "Ṣé èyí náà ni kámẹ́rà? Mo ti rò pé agolo áṣáà lo mú dání."

Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ọkọ wọn ni, kó lè rí i pé ilé ò tíì wó. Èmi ni mo rò bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀.

Inú ilé náà gbóná, eruku bo gbogbo rẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń ta àga tuntun ṣì wà lára àwọn àga pálọ̀. Mo yà wọ́n. Mo ń rẹ́rìn-ín nínú ara mi.

Ní yàrá ẹ̀yìn, mo rí bútà kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, àpótí ìjókòó kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ò dáa níbẹ̀, mo bá gbé bútà náà lọ sójú fèrèsé. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, a máa ń gbé nǹkan lọ bá ìmọ́lẹ̀. Ìgbà tí mo gbé e ni mo mọ̀ pé ó wúwo. Omi wà nínú rẹ̀, omi tútù.

Olè ni mo kọ́kọ́ rò, pé ẹnì kan ti ń yọ́ wọ ibẹ̀ sùn. Mo ya bútà náà. Mo yíjú láti ya ìkọ́ tó wà lára ògiri. Nígbà tí mo yíjú padà, bútà ti wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo ṣàlàyé ẹ̀ fún ara mi. Mo ní kò tíì sí nǹkan tí mo gbé, pé mo kàn pète láti gbé e ni. Ohun tí ìwé kíkà ń ṣe fún èèyàn nìyẹn. Mo tún gbé e.

"*Doucement, petit.*"

Ohùn náà kò ju atẹ́gùn ẹnu lọ. Ó ní kí n rọra, pẹ̀lú Faransé àwọn ará Àbíjàn. Ọkùnrin kan jókòó sórí àpótí, ó ká ọwọ́ jàlàbíà rẹ̀ dé ìgbúnwọ́, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ajá tó yàgbẹ́ sórí ẹní.

"Ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Èèyàn ń ṣe àlùwàlá, o gbé omi rẹ̀ lọ ya fọ́tò. Ta ló tọ́ ẹ?"

Mo ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó mọ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò mọ̀ pé èèyàn wà níbí. Màmá ló ní kí n..."

Bí mo ṣe dárúkọ Màmá, gbogbo ìkanra yẹn kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. "Ó wà níta?"

"Wọ́n jókòó síwájú ilé, sà."

"Má sọ fún un pé o rí mi. Sọ pé òrùlé ń jò. Pé yàrá ẹ̀yìn ló ti ń jò, kó má wọ̀ ọ́."

Mi ò lè sọ bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ tẹ kámẹ́rà tàbí òun ló tẹ ara rẹ̀. Mo kàn gbọ́ ìró rẹ̀, ká. Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ bojú bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Mo ṣẹ́jú, kò sí ẹnikẹ́ni lórí àpótí. Omi nìkan ló ń ṣàn lọ sínú eruku.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ kí n tó dé pálọ̀, nǹkan mìíràn ti bo ẹ̀rù náà mọ́lẹ̀, ó sì ya èmi gan-an lẹ́nu: ọkùnrin náà ń rí mi lára. Wọ́n ní òkú ń dẹ́rù bani. Àlájì tí mo rí ń sá fún ìyàwó rẹ̀.

"Kí lo rí?" Màmá bi mí.

"Òrùlé ń jò, Màmá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ní yàrá ẹ̀yìn, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ohun tí káfíńtà sọ nìyẹn. Ohun tí àbúrò mi sọ náà nìyẹn. Mo gbé àkàbà, mo gun òkè àjà lọ wò ó fúnra mi. Òjò kì í kán níbẹ̀." Wọ́n tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣé ó ṣì ń ká ọwọ́ aṣọ dé ìgbúnwọ́?"

Mo wo kámẹ́rà ọwọ́ mi.

"Bí èmi bá wọlé, omi ni mo ń bá nílẹ̀. Ìró bàtà mi ló ń gbọ́ tó fi ń sá. Tẹ́lẹ̀, ó sá lọ sí Àbíjàn. Ó tún wá ń sá fún mi nínú ilé tó ní èmi lòun kọ́ ọ fún."

"Bóyá wọn ò tíì kú, Màmá."

"Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Bó bá ti kú, kí n jókòó opó, kí n ṣe é tán, kí n dìde. Bí kò bá kú, kó wá jẹun. Àwọn ará Àbíjàn ní ó rìnrìn àjò. Ẹ̀yin ní òrùlé ń jò. Kò sí ẹni tó máa fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyẹn, Onífọ́tò. Kámẹ́rà ò ní ẹnu tí wọ́n lè bẹ̀." Wọ́n nàka sí i. "Ṣé ó wọ inú rẹ̀?"

"Ó dìgbà tí wọ́n bá fọ fíìmù, Màmá. Èkó ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́."

"Fi ránṣẹ́."

Mi ò tíì fi ránṣẹ́. Inú ìbọ̀sẹ̀ ló wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Bí ojú rẹ̀ bá jáde níbẹ̀, èmi ni màá gbé opó lé Ìyá Sàkírá lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ògiri lásán, wọ́n á máa wò mí bí wọ́n ṣe ń wo káfíńtà, ìyàwó omi ilẹ̀ ni wọ́n á sì jẹ́ títí. Mo máa ń gba ọ̀nà Masifa kọjá lórí ọ̀kadà. Wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á wò mí, wọn ò ní bi mí ní nǹkan kan.

Àlájì ṣì ń rí mi lára, ẹ má ṣi mí gbọ́. Àmọ́ ọjọ́ tí mo bá ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, èmi àti òun la jọ ń sá fún obìnrin kan náà.

Ẹ gbọ́ tèmi. Bí ẹnikẹ́ni bá na kọ́kọ́rọ́ ilé títì sí yín, tó ní kí ẹ bá òun wo inú rẹ̀, ẹ bi í léèrè ohun tó ń wá kí ẹ tó gbà á. Bí ẹ bá fi lè wọlé, ẹ ti di ẹlẹ́rìí nìyẹn.