Ẹni Tó Gbọ́nmi Nínú Ọkọ̀ Mọ́ṣúdù

Tí ẹ bá dé etí ọ̀sà ní Àgbádárìgì, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó fa fìlà bo ojú, tó ń wo omi bí ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ọkọ mi Mọ́ṣúdù nìyẹn. Ẹ kí i, á dá yín lóhùn. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, ẹ ó dúró títí. Èmi Suwebat tí mo fẹ́ ẹ, mi ò tíì rí ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu rẹ̀ tó báyìí. Ọkọ̀ onípákó ló ń wà, ó ń gbé èèyàn kọjá sí òdìkejì, kí Zinsu ará Apa tó wá fi iṣẹ́ mìíràn lọ̀ ọ́.

Ọmọ Ẹ̀gùn ni Zinsu, ẹgbẹ́ kan ló sì ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹgbẹ́ náà kò ní pátákó, kò lórúkọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ síta. Wọ́n sọ fún ọkọ mi pé ayé kì í ṣe ẹyọ kan. Ó pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní Àgbádárìgì tirẹ̀ àti àwọn èèyàn inú rẹ̀, ojú kan náà, orúkọ kan náà. Bí kùrukùru ọyẹ́ bá bo ọ̀sà láàárọ̀, ọ̀nà a ṣí láàárín wọn. Nínú ọ̀kan lára àwọn ayé yẹn, òkun ti gbé ìlú Iworo mì, ó sì ń bọ̀ wá sígboro Àgbádárìgì. Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ ni láti kó àwọn ará ibẹ̀ wá síbí kí omi tó gbé wọn lọ. Mo ní irọ́ gbuu ni. Nígbà tí Mọ́ṣúdù lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀kíní, mo wo ojú rẹ̀, mo sì gbà pé òótọ́ ni.

Ẹgbẹ́ ní òfin. Ẹni tí èkejì rẹ̀ ti kú láyé tiwa nìkan ni wọ́n lè kó wá, torí ẹnì kan kò lè di méjì níbì kan. Tó bá dé, wọ́n á fún un lórúkọ tuntun. Bí ẹbí rẹ̀ níbí bá dá a mọ̀, tí wọ́n sì jẹ́wọ́ ara wọn, wọ́n á dá a padà sínú omi tó ti sá kúrò. Wọn kì í fi ìyẹn ṣeré rárá.

Ìdí nìyẹn tí Zinsu fi bi ọkọ mi bóyá ó bímọ, kó tó gbà á síṣẹ́. Mọ́ṣúdù ní òun kò bí. A bí Munirah. Ibà ló pa á nígbà tó ń múra ìdánwò àṣejáde pírámárì. Àwọn àbúrò ọkọ mi ló sin ín, wọn ò sì fi ibẹ̀ hàn wá, torí lọ́dọ̀ tiwa, wọn kì í fi ojú oórì ọmọ han òbí. Láti ìgbà náà, a kì í dárúkọ rẹ̀, a kì í kà á. Bó ṣe yẹ kéèyàn ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n Zinsu, ọmọ ilẹ̀ yìí kan náà tó mọ àṣà yìí, kò ronú pé ó yẹ kóun bi aládùúgbò wa. Inú ṣì ń bí mi sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n lọ gbé. Ó fi níkáàbù bojú. Zinsu ti sọ fún ọkọ mi pé òkun ti gbé bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ. Zinsu jókòó síwájú ọkọ̀. Àwọn èrò a máa jókòó sáàárín, wọ́n á di etí ọkọ̀ mú. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọjá sẹ́yìn, ó jókòó síbi ẹsẹ̀ Mọ́ṣúdù, níbi tí pákó ti ń jò, ó mú kẹ́ẹ̀gì tí a gé, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́nmi. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbọ́n ọn. Tó bá da omi nù tán, á fi kẹ́ẹ̀gì náà gbá etí ọkọ̀ kó tó tún bọ̀ ọ́ sómi. Munirah nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Bàbá rẹ̀ a máa jágbe mọ́ ọn pé ó ń lé ẹja, á máa rẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè wò ó.

"Bàámi," ló wí.

Zinsu yíjú padà, ó ní ta ló ń pè.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí," ni ọkọ mi wí. "Òtútù ló ń mú un."

Ó ń wàjẹ̀ lọ. Ọmọ náà tẹrí ba, ó ń gbọ́nmi títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi kẹ́ẹ̀gì gbá etí ọkọ̀ mọ́.

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà nígbà tó délé tó sọ fún mi. Mo bú u. Mo ní irú ọkàn wo ló wà láyà rẹ̀, tí ọmọ á pè é tí kò ní jẹ́. Ó jẹ́ kí n bú u tán.

"Tí mo bá jẹ́, wọ́n á dá a padà."

Gbogbo ara mi kú, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín rẹ̀. Mo ṣa ẹ̀wà mi tán, mo sè é, a jẹ ẹ́. Mi ò sunkún. Di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì sunkún.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ mi ń kọjá lórí ọ̀kadà ní Ibereko, ó rí i níbi tó ti ń ta búrẹ́dì àgbọn lẹ́bàá títì. Títílọpẹ́ ni wọ́n ń pè é báyìí. Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Mo lọ.

Kò bojú mọ́. Ojú Munirah ni, ó kàn ti dàgbà. Ó wò mí. Ó ní ẹ káàárọ̀ mà, mélòó ni kóun fún mi. Mo ní ẹyọ kan. Àwọn méjì kan dúró lẹ́yìn mi, mi ò mọ̀ bóyá Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Ó fi ọwọ́ òsì mú búrẹ́dì, ó nà án sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lágbedeméjì. Ó pààrọ̀ rẹ̀ sí ọ̀tún, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó wá gbé e fún mi, bí mo ṣe ń kọ́ ọmọ mi láti kékeré pé a kì í fi òsì fún àgbà ní nǹkan.

Mo fẹ́ sọ fún un pé kó fi òsì fún mi, pé kò sóhun tó burú níbẹ̀ mọ́. Mo ní o ṣeun, mo gba búrẹ́dì mi, mo sì wọ mọ́tò padà sílé.