Ọjọ́ tí mo lọ ṣọ́ àwọn Sísítà lórí òkè

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìwó, tí iṣẹ́ mi láàárọ̀ kò ju kí n pọn omi sínú bùtá àlùwàlá bàbá mi lọ, ẹ̀rù àwọn Sísítà Àgùdà tó ń gbé lórí òkè lọ́nà Kúta máa ń bà wá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí. Obìnrin mẹ́fà nínú ilé kan, kò sí ọkọ, kò sí ọmọ! Wọ́n ní wọ́n fárí kodoro sábẹ́ ìborí yẹn. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n bá ti da omi sí lórí, wọ́n ti sàmì fún un nìyẹn, kò ní mọ ìyá rẹ̀ mọ́.

Ibà wá mú àbúrò mi, Ráfátù, ọmọ ọdún mẹ́ta. Àgbo kò ràn án, ẹ̀kọ tútù kò dúró nínú rẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ kẹta ojú rẹ̀ ti ń yí. Àwọn Sísítà yìí ló ń tọ́jú aláìsàn nítòsí. Màmá mi pọ̀n ọ́n, wọ́n ní kí n gbé báàgì tẹ̀lé àwọn. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Lajú ẹ dáadáa. O ò gbọdọ̀ jẹ, o ò gbọdọ̀ mu. Bí omi bá kan orí ọmọ yẹn, ìwọ ni n ó bi."

Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nílé wa ni kí n fi ìka kan kanlẹ̀, kí n gbé ẹsẹ̀ kan sókè, títí wọn ó fi kírun tán.

Orí òkè náà mọ́ tónítóní, ó sì dákẹ́ jù fún mi. Ìrẹsì ń ta sánsán láti ilé ìdáná, mo di imú. Mo wo ẹnu ilẹ̀kùn, bàtà ọkùnrin kan kò sí níbẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Sísítà àgbà kan tó ń sọ Yorùbá bí ará Èkìtì ní kí màmá mi lọ gba káàdì, wọ́n gba Ráfátù, wọ́n sì bu omi, wọ́n fẹ́ dà á sí i lórí.

Mo bu ọwọ́ wọn jẹ! Omi dànù. Mo ń pariwo pé Mùsùlùmí ni wá.

Wọn kò lù mí. Wọ́n wo ojú eyín mi lọ́wọ́ wọn, wọ́n bu omi mìíràn, wọ́n sì gbé abọ́ náà lé mi lọ́wọ́.

"Ara ọmọ yìí ń jó, a gbọ́dọ̀ tù ú. Ìwọ dà á fúnra ẹ. Ohun tí ẹ máa ń wí nílé yín, wí i kó o tó dà á."

Mo ṣe bìsìmílàhì, mo dà á. Mo tún dà á, títí Ráfátù fi figbe ta. Inú mi dùn sí igbe yẹn ju ẹran iléyá lọ! Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Nírọ̀lẹ́, ó ní ebi ń pa òun.

Ìyá àgbà bi mí nílé bóyá omi kan orí ọmọ. Mo ní ó kàn án, ṣùgbọ́n èmi ni mo dà á, mo sì ṣe bìsìmílàhì. Wọ́n ní kí n lọ jẹun.

Nígbà yẹn, òkè náà kò ní ọgbà; àwa la gbé ìfura wá láti ilé. Lónìí, ògiri gíga ló yí i ká. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti Ráfátù, tó ti bí ọmọ mẹ́rin, gbé iṣu lọ kí àwọn Sísítà. Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà wo híjáàbù wa láti òkè délẹ̀, ó ní ká tú báàgì. N kò lè bínú sí i. Irú ojú tí mo fi wò wọ́n nígbà yẹn náà nìyẹn. Ó wá bèèrè Sísítà tí a wá rí. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwọn obìnrin yẹn la mọ̀ nílé wa. Orúkọ tí Sísítà tó gbé abọ́ omi lé mi lọ́wọ́ yẹn ń jẹ́, ẹnikẹ́ni nínú wa kò bèèrè rẹ̀ rí.