Ọ̀rá Ara Kúlà Tíṣà Barnabas

Ràímì mẹkáníìkì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn wá, á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì rẹ̀, á mi orí, á sì mú sípánà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ọ̀fà fẹ́ràn èyí. Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ nìkan ni dídákẹ́ náà ń bí nínú.

"Bó o bá gbé ẹyin iná sẹ́nu," Àṣàbí á ní, "ṣé wàá lè sọ pé ó gbóná?"

Ràímì á rẹ́rìn-ín, á máa jẹun rẹ̀ lọ.

Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlélógójì, ó ti bí ọmọ mẹ́ta, ewú sì ti ń yọjú ní àgbọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó jẹ́ pé bí Ràímì bá ti rí i, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ń padà dà. Tíṣà Barnabas ni, tí wọ́n kọ́ ọ ní ìṣirò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì. Ẹgba wọn náà ti fẹ̀yìn tì. Ojú wọn nìkan ni kò tíì fẹ̀yìn tì.

Ọmọ Tíṣà tó wà ní Èkó ló ra ọkọ̀ kékeré kan fún wọn, ọkọ̀ tó ní tọ́bò. Tọ́bò ló ń fẹ́ atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnì tí ọkọ̀ náà fi ń sáré bí ìgalà, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló sì ń ru ooru ọ̀hún. Bí ọ́ìlì bá gbóná jù, á ṣàn bí omi, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Tíṣà kì í sì í wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n ti Ìlọrin dé lẹ́ẹ̀kejì tí èéfín ń rú lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, Ràímì ní kí ọmọ wọn fi kúlà ọ́ìlì ránṣẹ́. Ohun pẹlẹbẹ kan ni, ó dà bí rédíétọ̀ kékeré. Iwájú ọkọ̀ ni wọ́n ń so ó sí, kí ọ́ìlì lè máa gba inú rẹ̀ kọjá, kí atẹ́gùn sì máa fẹ́ ẹ.

Kò sí mẹkáníìkì kankan ládùúgbò náà tó so irú rẹ̀ rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Ràímì ti ń wí pé, "Ràímì fẹ́ pa ẹ́ńjìnì Tíṣà." Ó gbọ́. Ó mọ̀ pé bí ẹ́ńjìnì yẹn bá nọ́ọ̀kì, orúkọ òun ló nọ́ọ̀kì.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Tíṣà gbé páálí kúlà dé, wọ́n sì jókòó tì í. Ràímì tú páálí. Kúlà náà ń dán, ọ̀rá tó nípọn ni wọ́n fi wé e yíká. Ó mú bíléèdì.

"Kí lo fẹ́ ṣe yẹn?"

"Mo fẹ́ ya ọ̀rá rẹ̀ ni, sà."

"Ya kí ni? Ràímì! Nǹkan tuntun! Ṣé o fẹ́ kí eruku jẹ ẹ́ lónìí olónìí ni?"

Ẹni tó bá ti wọ pálọ̀ Tíṣà rí, èyí kò ní yà á lẹ́nu. Àwọn àga tí wọ́n rà nígbà ìgbéyàwó ọmọbìnrin wọn ṣì wà nínú ọ̀rá, bẹ́ẹ̀ ọmọbìnrin náà ti bí ọmọ mẹ́rin. Rìmọ́ọ̀tù tẹlifíṣọ̀n wà nínú ọ̀rá. Tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, rìmọ́ọ̀tù ṣì ń dán.

"Sà, atẹ́gùn..."

"Atẹ́gùn wo? Ta ló kọ́ ẹ ní ìṣirò?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó dáa. So ó bẹ́ẹ̀."

Ohun tó yẹ kí Ràímì sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹni tó ki orí bọ inú ọ̀rá kò lè gba atẹ́gùn. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. Ó dá ihò méjì sí ara ọ̀rá níbi tí rọ́bà ọ́ìlì máa gbà wọlé, ó so kúlà síwájú rédíétọ̀, ó sì de gbogbo bóòtù rẹ̀ pinpin. Ó tún fi gééjì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì, èyí tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe gbóná tó.

"Jẹ́ ká dán an wò dé Ojoku," Tíṣà wí.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí abẹ́rẹ́ gééjì fi kọjá àárín.

"Sà..."

"Ṣé o rí bó ṣe ń fò? Tọ́bò!"

Abẹ́rẹ́ ń gòkè. Òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

"Àwọn àgbẹ̀ yìí tún ń sun igbó," Tíṣà wí, wọ́n sì tẹ iná mọ́ ọn.

Ràímì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ebè iṣu tútù yọ̀yọ̀ ló rí. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀, ó ń lọ sókè títí ó fi kan òrùlé ọkọ̀.

"Kí ni?"

"Mo ní ìbéèrè, sà."

"Béèrè."

Ìbéèrè ò jáde. Abẹ́rẹ́ wọnú pupa. Ni Ràímì bá pariwo, ohùn tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun ní: "Ẹ páàkì, Tíṣà! Ọ̀rá yín ló ń jó!"

Tíṣà tẹ bíréèkì lójijì nítòsí obìnrin kan tó ń ta iṣu. Wọ́n na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ má pa á! Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí tọ́bò lè tutù ná!"

Tíṣà yọ ọwọ́ kíá. Ràímì bẹ́ sílẹ̀, ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó sì fi pláyà fa ọ̀rá tó ti ń yọ́ bí àdí kúrò lára kúlà.

"Ẹ̀yin bàbá," ìyá oníṣu béèrè, "kí lẹ̀ ń sun nínú ọkọ̀?"

Tíṣà wo ọ̀rá, wọ́n wo Ràímì.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé ọ̀rá yìí ò dáa?"

"Láti àárọ̀, sà."

"O mọ ìdáhùn, o wá dákẹ́? Na ọwọ́ rẹ."

Ràímì na ọwọ́ ńlá tó kún fún gíríìsì. Tíṣà wá ẹgba tì, wọ́n ṣí fìlà orí wọn, wọ́n fi nà án lẹ́ẹ̀kan.

"Mo nawọ́ sókè nínú ọkọ̀, sà," Ràímì wí.

Tíṣà ronú sí i. "Òótọ́ ni. Èmi ni mo ṣì í." Wọ́n na fìlà sí Ràímì, wọ́n sì na àtẹ́lẹwọ́ tiwọn náà. "Ó yá. Nà mí."

"Háà! Mi ò lè ṣe é, sà."

"Ẹ gbé fìlà wá," ìyá oníṣu wí, ó ti dìde. "Ẹ jẹ́ n bá yín nà wọ́n! Tíṣà ló nà mí torí ìsọdipúpọ̀ nígbà kan."

Tíṣà yára dé fìlà wọn.

Nígbà tí wọ́n ń padà sí Ọ̀fà, atẹ́gùn ń fẹ́ kúlà, abẹ́rẹ́ jókòó jẹ́jẹ́ sáàárín. Ẹ́ńjìnì ń kọrin. Tíṣà ń fi ìka ta sítíárì.

"Sà, jíà kẹta ni kẹ́ ẹ fi gun òkè yìí."

Tíṣà yí i sí kẹta.

"Sà, ẹsẹ̀ yín wà lórí kílọ́ọ̀ṣì."

Wọ́n gbé e kúrò.

"Ẹ ò tan íńdíkétọ̀ nígbà tẹ́ ẹ yà, sà."

"Ràímì."

"Sà?"

"Ó tó."

"Mo ti gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹ wo gíláàsì ẹ̀yìn, tírélà kan ń bọ̀."