Ìgò Omi Ọya Méjì

Ọdún tí wọ́n gbé mi wá sí Lọ́kọ́ja láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì àti kẹ́mísírì, ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi méjèèjì sì wà ní yunifásítì ní Ìbàdàn. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo gbà ní Karaworo. Ará Ìgálà ni aládùúgbò mi lọ́tùn-ún, Ẹ̀bìrà ni tòsì. A máa ń rẹ́rìn-ín síra wa, kálukú á sì wọlé rẹ̀ lọ. Tí mo bá ti kúrò níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé lọ́sàn-án, ó di ọjọ́ kejì kí n tó tún gbọ́ ohùn ara mi.

Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹ̀kọ́ mi sókè nínú ilé ìdáná, bí ẹni pé kíláàsì wà níwájú mi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gba Old Market lọ sétí odò, mo bu omi Ọya sínú ìgò méjì, mo sì ra álọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú omi mọ́. Nígbà tí mo délé, mo po álọ́ọ̀mù mọ́ omi inú ìgò kan, mo fi ìkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wò ó dáadáa o."

"Òkun o, tíṣà. Ṣé o gbàlejò ni?"

Màmá onílé ni, lójú fèrèsé. Ará Owórò ni wọ́n, "Òkun o" ni wọ́n fi máa ń kí èèyàn níbẹ̀; wọ́n ti dàgbà gan-an. Ojú tì mí.

"Rárá o, Mà. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ Mọ́ńdè ni mò ń dán wò."

Mo rò pé wọ́n á kọjá lọ ni. Wọ́n wọlé, wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó.

"Láti kékeré la ti ń fi álọ́ọ̀mù sómi," ni wọ́n wí. "Kí ló ń ṣe sí i gan-an?"

Mo ní, "Àwọn hóró ẹrẹ̀ inú omi yìí kéré púpọ̀, Mà. Irú iná mànàmáná kan náà ló wà lára gbogbo wọn, ìyẹn ni wọ́n fi ń ti ara wọn, tí wọn kò lè kó jọ. Álọ́ọ̀mù ló ń pa iná yẹn. Wọ́n á wá so mọ́ra, wọ́n á wúwo, wọ́n á sì rì."

Wọ́n tẹjú mọ́ ìgò náà. A jókòó síbẹ̀ títí tí omi ọ̀kan fi mọ́ gaara, tí ìkejì ṣì pọ́n rúsúrúsú.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn ọmọ kọ nóòtì wọn, agogo lù, ẹnikẹ́ni ò béèrè nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Màmá ń wá ní gbogbo Sátidé, títí tí orúnkún fi dà wọ́n láàmú, tí àbúrò wọn sì wá mú wọn lọ sílé rẹ̀ ní Àgbàjà.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo gun ọ̀kadà lọ kí wọn. Ojú ọ̀nà burú, ẹ̀yìn ro mí. Wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lọ́wọ́ pẹ̀lú ìyàwó àbúrò wọn.

"Tíṣà mi dé o!" ni wọ́n pariwo. Tíṣà mi ni wọ́n pè mí, wọn ò pè mí ní tíṣà ilé ìwé.

Mo mú òòfà jáde nínú báàgì mi, mo fà á lórí ilẹ̀ pupa Àgbàjà tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, eruku irin dúdú sì lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. A jẹ iṣu. Màmá ní kí n sùn, mo ní n ò mú aṣọ dání, mo sì padà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Títí dòní, mi ò mọ ìdí tí mo fi kọ̀. Kò sẹ́ni tó ń retí mi nílé.