Ẹ̀jẹ́ Monílọ́lá àti Akínfò Inú Páálí

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí èèyàn ò lè jẹ, tí kò lè wọ̀, tí kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, kí ló dé tí ẹni tí orí rẹ̀ pé á fi owó fìríìsà rà á?"

Loveth tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá títì ní Ọ̀rẹ̀ ló bi mí bẹ́ẹ̀. N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè tó bá wúwo, a kì í dáhùn rẹ̀ lórí ìdúró. Monílọ́lá fúnra rẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, wà ní ṣọ́ọ̀bù tó kàn wá, ó ń tẹ máṣíìnì rẹ̀, ó sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kàn rẹ́rìn-ín, kò gbójú sókè. Ìgbà tí mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí ni mo tó lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Omifunfun ni wọ́n bí Monílọ́lá sí, àárín oko kòkó. Nígbà tó dàgbà tó, wọ́n mú un lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Odigbo. Aṣọ àdúrà ló mú ní iṣẹ́, sùtánà funfun tí àwa aládùúrà ń wọ̀. Ẹni tí kò bá rán an rí lè rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ aláràbarà máa ń bo àṣìṣe aránṣọ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ funfun kò ní ibi tí àṣìṣe lè sá pamọ́ sí. Bí ìṣẹ́tí bá wọ́, gbogbo ìjọ ni yóò rí i bí o bá ti kúnlẹ̀. Monílọ́lá máa ń tú ìṣẹ́tí, á tún un rán, á tún un tú, títí oníbàárà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Abẹ́ agboòrùn ló ti ń ṣe é nígbà yẹn, nítòsí gáréèjì Ọ̀rẹ̀, pẹ̀lú eruku àti ariwo àwọn tó ń pe èrò sọ́kọ̀.

Ibẹ̀ ni òjò lé ọkùnrin ará Èkó kan bá a, Olúwagbémiga lórúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ̀ ni òun àti àwọn ará Benin ti máa ń pàdé gba ẹrù lọ́wọ́ ara wọn, torí pé àárín ọ̀nà ni. Ó gbé páálí kan lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ike tó mọ́ gaara wà lójú páálí náà, èèyàn kékeré kan tí wọ́n fi rọ́bà ṣe sì dúró nínú rẹ̀, kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, ó di ìkúùkù, aṣọ pupa gbọọrọ so mọ́ èjìká rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn akọni inú ìtàn òyìnbó ni, àwọn tó ń fò lófuurufú láti gba aráyé là.

Monílọ́lá tẹjú mọ́ aṣọ èjìká náà. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ta ló rán èyí?"

Ọkùnrin náà wò ó. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra nǹkan wọ̀nyí, mà. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní èyí rí."

Ìṣẹ́tí aṣọ náà kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ kòkòrò lọ, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì tò tẹ̀lé ara wọn láìfò kankan. Aṣọ gidi ni, kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n kùn. Kí òjò tó dá, Gbémiga ti là á yé e: pé àwọn tó ṣe é kì í ṣe púpọ̀, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, pé ẹni tó bá rà á kì í ṣí páálí rẹ̀, torí bí páálí bá ti ṣí, ìdajì owó rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Báyìí ni aránṣọ ará Omifunfun ṣe wọ inú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó akọni jọ, lórí fóònù rẹ̀. Ó ra kékeré, ó tà á, ó jèrè. Ó ra òmíràn, ó pàdánù. Ọ̀kan tiẹ̀ wá tó jẹ́ ayédèrú: nígbà tí Monílọ́lá dì í mú, tí òógùn kàn án, ọ̀dà rẹ̀ ṣí mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹni bu epo. Mo fẹ́ kí èyí yé òǹkàwé dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé gbogbo ohun tó wọ́n ló tó owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò tó o. Orúkọ la ń rà nínú wọn, a kò ra iṣẹ́.

Ní àkókò kan náà, níbi ìkórè ilé àdúrà wa ní Odigbo, Monílọ́lá dìde, ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ó ní, "Bí Ọlọ́run bá mú mi kúrò lábẹ́ agboòrùn, tí mo ní ṣọ́ọ̀bù tó ní ilẹ̀kùn, ohun tó bá wù mí jù lọ nínú ohun ìní mi ni màá gbé wá síbí lọ́dún tó ń bọ̀." A dáhùn pé àmín. Àwọn èèyàn máa ń ṣèlérí màlúù, wọn a sì mú àkùkọ wá. Ìkórè ti mọ̀ wá.

Kí ọdún náà tó pé ìdajì, ìjọ kan ní Àgọ́ Aláyè gbé iṣẹ́ sùtánà gbogbo ẹgbẹ́ akọrin wọn fún un. Ó rí ṣọ́ọ̀bù gbà, ó ní ilẹ̀kùn, ó ní kọ́kọ́rọ́. Owó tó kù, ó ní òun máa fi ra fìríìsà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹnì kan ní Èkó fẹ́ ta akọni kan tí gbogbo ẹgbẹ́ wọn ń wá. Orúkọ òyìnbó tó wà lára páálí náà gùn débi pé Monílọ́lá pa á tì, ó sọ ọ́ ní Akínfò. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà ló san. Mọ́tò gbé e dé Ọ̀rẹ̀, ó lọ gbà á ní gáréèjì, ó gbé e sórí àpótí níwájú máṣíìnì rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá sú u, á gbójú sókè wo ìṣẹ́tí aṣọ èjìká Akínfò, á tú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á tún un rán.

Nígbà tí ìkórè ń sún mọ́lé, Loveth ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tó bá a sọ̀rọ̀.

"Àǹtí Móní, ẹ ra iṣu. Ẹ ra ewúrẹ́. Ta ló mọ ohun tó wù yín jù lọ nínú yàrá yín?"

"Ẹni tí mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún mọ̀ ọ́n."

"Ọlọ́run á wá fi rọ́bà ṣe kí ni?"

"Á wá fi iṣu ṣe kí ni?"

Loveth pòṣé, ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba Monílọ́lá, mo mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń ká òwú. Ní ilé àdúrà wa, ẹ̀jẹ́ kì í di sísan nítorí pé o gbé nǹkan wá. Ó di ìgbà tí Bàbá Aládùúrà bá gbé ọwọ́ lé ẹni tó jẹ́ ẹ lórí, tó sì wí lójú ìjọ pé, "Ó pé." Bí kò bá wí i, wàá gbé ẹrù rẹ padà sílé, ẹ̀jẹ́ á sì wà lọ́rùn rẹ títí di ọdún mìíràn. Mo ti rí obìnrin tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Kò jókòó síwájú mọ́ títí tó fi kú.

Gbogbo ẹrù ìkórè la máa ń lu ní gbànjo, owó rẹ̀ á sì jẹ́ ti ìjọ. Monílọ́lá ṣètò. Gbémiga ṣèlérí pé òun á dá sí gbànjo láti Èkó lórí fóònù, owó tí òun á sì pè á kọjá èyí tó rà á. Loveth ni yóò di fóònù náà mú, kí kámẹ́rà rẹ̀ lè máa fi gbogbo rẹ̀ hàn án. Bí ìjọ bá fi Akínfò rẹ́rìn-ín, owó á pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́ ìkórè pé. Monílọ́lá wọ sùtánà, ó bọ́ bàtà, ó gbé Akínfò rù wọlé láàárín àwọn tó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀, epo àti ògì. Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ wo ọkọ tuntun!"

Bàbá Aládùúrà wa, Bàbá Láoyè, kò rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ohun tó bá ń ṣọ́.

"Monílọ́lá, kí lèyí?"

"Ẹ̀jẹ́ mi ni, Bàbá."

"Ère ni. Ó lójú, ó nímú, ó di ìkúùkù. Ère kì í wọ ilé yìí."

"Ẹnikẹ́ni ò bọ ọ́ rí, Bàbá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni."

"Ṣí i, ká rí inú rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Bí ẹ bá ṣí i, iye rẹ̀ á bọ́."

Ó ronú. Lẹ́yìn náà ó ní kò burú, bí kò bá ní ṣí i, omi ìyàsímímọ́ á kàn án bó ṣe ń kan iṣu àti ewúrẹ́. Monílọ́lá mí kanlẹ̀. Ó rò pé wíwọ́n ni yóò wọ́n ọn. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Láoyè fura sí Akínfò, ẹni tó bá sì fura, omi rẹ̀ kì í mọ níwọ̀n. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sókè, ó sì da gbogbo rẹ̀ lé páálí náà lórí pẹ̀lú orúkọ mímọ́.

Páálí mu omi. Ó wú, àwọ̀ ara rẹ̀ ṣàn wọ inú ara wọn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ já.

A gbọ́ ohùn Gbémiga láti inú fóònù tó wà lọ́wọ́ Loveth: "Há! Wọ́n ti bà á jẹ́. Ẹ má bínú, mà, mo ti jáwọ́." Fóònù dákẹ́.

Monílọ́lá dúró síbẹ̀, omi ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Bó bá jẹ́ pé owó nìkan ni páálí yẹn jẹ́, owó ti tán. Bàbá Láoyè fúnra rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀.

Monílọ́lá bá kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ya páálí náà, ó fa Akínfò yọ, ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí sùtánà rẹ̀. Òun náà kò tíì fọwọ́ kàn án rí láti ọjọ́ tó ti rà á. Ó ká apá rẹ̀, apá náà ká. Ó tẹ orúnkún rẹ̀, ó tẹ̀. Ó gbé e dúró lórí tábìlì ìkórè, Akínfò sì dúró ṣánṣán láìsí ẹni tó dì í mú.

Ó ní, "Páálí ti lọ. Ẹ wá wo iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ, ẹ wá wo ìṣẹ́tí yìí, kí ẹ sọ fún mi bóyá owó tí mo san pọ̀ jù."

Àwọn obìnrin dìde. Wọ́n gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Èmi náà wọ awò mi, mo wò ó. Mo wá ibi tí abẹ́rẹ́ ti ṣìnà, mi ò rí i. Ẹnì kan níbì kan lágbàáyé jókòó, ó ṣe èyí láìyan iṣẹ́ jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ni n kò lè sọ fún Loveth lójú títì: bí iṣẹ́ bá dára tó bẹ́ẹ̀, tó sì ń kọ́ ọwọ́ tìrẹ náà láti dára, kò wọ́n. Bí kò bá sí iṣẹ́ nínú rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fi í tọrẹ, ó wọ́n.

Olúsọjí tó ń lu gbànjo gbá agogo. "Ó yá! Ọkùnrin kan rèé, kì í jẹun, kì í lọ sóde lálẹ́, kì í bínú. Ẹgbẹ̀rún mélòó?"

Ẹ̀rín tún sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀tọ̀ ni. Àwọn opó kígbe ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Àwọn akọrin fi owó gun orí i wọn. Bàbá Dúródọlá, àgbẹ̀ kòkó láti Àgọ́ Aláyè, fi ohùn jẹ́jẹ́ pe ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Gbogbo orí yíjú sí i.

Ohùn kan ní iwájú wá sọ pé, "Àádọ́jọ."

Bàbá Láoyè ni.

Dúródọlá rẹ́rìn-ín. "Aládùúrà! Ṣebí ère ni?"

"Mo ti da omi sí i. Kì í ṣe ère mọ́."

Ilé àdúrà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Láti ibẹ̀, àwọn àgbà méjèèjì ń gun orí ara wọn bí ọmọdé tó ń gun igi. Wọ́n kọjá igba ẹgbẹ̀rún. Wọ́n kọjá ohun tí Gbémiga ṣèlérí. Nígbà tí Dúródọlá pe irínwó ẹgbẹ̀rún, Bàbá Láoyè jókòó, ó fi ìwé orin fẹ́ ara rẹ̀.

"Ó di ti kòkó!" Olúsọjí gbá agogo.

Fóònù Loveth ń dún. Gbémiga ti tún èrò pa, ó ní òun á rà á bẹ́ẹ̀ náà láìsí páálí. Loveth gbé fóònù sẹ́nu: "Oga, market don close! Ó ti lọ sílé ọkọ!"

Dúródọlá ka owó náà sórí tábìlì, ó gbé Akínfò sí abíyá. Wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ràn ọkùnrin tó lè dá dúró, irú wọn ti ń tán. Ó gun ọ̀kadà lọ, aṣọ pupa náà ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ nínú atẹ́gùn.

Monílọ́lá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó wo Bàbá Láoyè. Bàbá dìde, ó wá síwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ tó tutù sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbóhùn sókè débi pé àwọn tó wà ní ìta gbọ́ ọ:

"Ó pé!"

Àmín wa mi òrùlé. Monílọ́lá dìde, ó wá jókòó síwájú, kò jẹ Ọlọ́run ní gbèsè mọ́.