Obìnrin Tó Kéde Ikú Vaelua

Fetuao Lemalu ti ń ka ìròyìn lórí rédíò ní Apia, olú ìlú Samoa, láti ọdún méjìlélógún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lóṣù Kẹwàá, ó ka orúkọ Vaelua, ará abúlé wa, mọ́ àwọn tó kú. Vaelua wà lóko, ó ń ro kókò. Kó tó délé, wọ́n ti pa ẹlẹ́dẹ̀ méjì fún ìsìnkú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ti Auckland dé, bàbá tó wá sin ló lọ pàdé rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni rédíò sọ pé àṣìṣe ni. Àwọn ará wa ti pa rédíò tiwọn. Lóṣù Kejì, rédíò ní ìjì ń bọ̀, kí a gun òkè. Àwọn tó gbọ́ ní ṣebí àwọn tó pa Vaelua náà ni, wọn ò sì gùn ún. Òkun gbé ilé mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù. Ìyẹn ló kó ìdààmú bá Fetuao, nítorí ìjì mìíràn ń bọ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ ní kó gbàgbé rẹ̀. Fetuao wọ ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ wá sí erékùṣù wa, ó wá jókòó sílẹ̀ níwájú ilé Vaelua, ó fi ẹní àtàtà borí, bí ẹni tó ṣẹ̀ ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Tí onílé kò bá ṣí ẹní náà, kò gbọdọ̀ dìde. Àwọn aládùúgbò dúró lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń wò ó.

Moelagi, ìyàwó Vaelua, ló kọ́kọ́ jáde. Ó pè sínú ilé pé kí òkú wá wo àlejò rẹ̀.

Vaelua jáde wá dúró tì í. "Ta ló sọ fún ọ pé mo kú?"

"Ẹnì kan ló kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù, Bàbá. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò sì pe ilé yín."

"Kí ló dé tí o ò pè?"

"Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà. Òkú pọ̀."

Vaelua ṣí ẹní náà. "Èmi ti dárí jì ọ́. Àmọ́ etí àwọn tó wà lábẹ́ igi yẹn kì í ṣe tèmi, mi ò lè fi ta ọ́ lọ́rẹ."

Fetuao tọrọ nọ́ńbà fóònù Vaelua, ó ní òun kò ní í ka ohunkóhun nípa abúlé náà mọ́ láìpè é. Vaelua fún un. Moelagi ní ó dára, kó máa pè láràárọ̀ kó máa béèrè bóyá baba ti kú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Fetuao kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan lábẹ́ igi béèrè bí òkun yóò ti rí ní Ọjọ́bọ̀. Fetuao ní òun kò mọ̀. Àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ yóò sọ ọ́ láago márùn-ún, òun yóò kà á, òun yóò sì sọ pé àwọn ló sọ ọ́. Ọkùnrin náà mi orí. Kò sọ pé òun yóò tan rédíò, kò sì sọ pé òun kò ní í tàn án.

Fetuao fọwọ́ tilẹ̀, ó dìde, ó lọ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí èbúté.